Ẹ̀kú Tí A Rán Láàárín Iṣẹ́ Lọ́dún 1979

Bí eégún bá ń pòòyì ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, tí gbogbo abala aṣọ ara rẹ̀ fẹ̀ sókè, tí atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ sí ni lójú, ohun tí èrò máa ń pariwo ni pé, "Ẹ wo aṣọ! Ẹ wo àrán!" Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ìgbà tí wọ́n ráyè rán an. Èmi mọ ìgbà náà dáadáa. Ọmọ télọ̀ ni mí, ní Bẹ́yẹrúnkà, ilé wa sì ní ẹ̀kú kan, aṣọ tí eégún ń wọ̀, tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá mi. Ọdọọdún ni a máa ń fi abala tuntun kún un, ìgbà tí ọwọ́ gbogbo ilé sì dí jù lọ gan-an ni a máa ń rán abala yìí. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi jókòó nídìí máṣíìnì, n kò rí èyí tó le tó òjò 1979.

Kí n tó lọ síwájú, ohun tó jẹ́ ti awo nínú ọ̀rọ̀ eégún kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀kú pọ̀, àti ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn àgbà ló ni ín. Ti abala aṣọ ni tèmi. Gbangba ìta ni télọ̀ ti ń rán abala. Ọmọdé ń wò ó, obìnrin ń wò ó, ẹni tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ náà ń wò ó.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ kì í ṣe ìgbà ìsinmi fún ọmọ ìlú. Ilé ẹ̀kọ́ lè gba ọlidé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdílé wo ní ìgboro àtijọ́ ni kò ní oko? Àgbàdo ti gbó, wọ́n ń wá ẹni tí yóò yà á. Iṣu tuntun ń bọ̀. Àwọn tó ní kòkó ń ro abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ de ìkórè. Àwa ọmọ ni wọ́n máa ń kó lọ sóko, bọ̀lẹ̀kájà ni a sì máa ń wọ̀ bọ̀ wálé, tàwa ti apẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Àárín gbogbo èyí ni ọdún eégún máa ń bọ́ sí. Bí oṣù kẹfà bá ti ń parí lọ, bàtá á ti máa dún kiri ìlú. Eégún Alápáǹsáǹpá á jáde, gbogbo ọmọkùnrin á sáré tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ eégún Olóòlù, àwọn obìnrin á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, torí pé obìnrin kì í fojú kàn án. Lẹ́yìn àwọn ńláńlá wọ̀nyí ni eégún ìdílé, irú tiwa, tí yóò jáde láti agboolé, tí yóò gba Ọjà'ba kọjá lọ kí àwọn ìjòyè, tí yóò jó lábẹ́ òkè Mápó kó tó padà sílé.

Lọ́dún 1979, gbogbo nǹkan wá kó ara wọn jọ. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, Sátidé márùn-ún ni wọ́n sì fi dìbò. Ti ilé aṣòfin àgbà ló ṣáájú, ní ọjọ́ 7 oṣù keje. Ti ààrẹ ló kẹ́yìn, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ. Olóyè Bọ́lá Ìgè ń du ipò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, Olóyè Richard Akínjídé sì ń dù ú lábẹ́ NPN. Ọmọ Ìbàdàn ni Akínjídé, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà wọ inú agboolé, ẹ̀gbọ́n ń ṣe tibí, àbúrò ń ṣe tọ̀hún. Aṣọ ni wọ́n sì fi ń dá ara wọn mọ̀. Ẹgbẹ́ kan á gbé ìdì aṣọ wá láàárọ̀ pé kí a bá àwọn rán fìlà Awó, olórí UPN, kó dọwọ́ àwọn kó tó di ọjọ́ ìpàdé àwọn ní Mápó. Ẹgbẹ́ kejì á dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú tiwọn. Bàámi ń gba méjèèjì. Oníbàárà ni wọ́n, ará àdúgbò sì ni wọ́n.

Èyí nìkan kọ́. Ààwẹ̀ Rámádàánì ọdún náà bẹ̀rẹ̀ bí oṣù keje ṣe ń parí lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìgbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé ni a máa ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún Mùsùlùmí máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ọdún òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ààwẹ̀ ṣe ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wá bá ọdún eégún nínú òjò. Ìtúnu wá bọ́ sí òpin oṣù kẹjọ. Ní àdúgbò wa, tí ohùn ìpè ìrun láti Mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba ti ń jí gbogbo ènìyàn, kò sí télọ̀ tó lè fi aṣọ Ìtúnu ṣeré. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ kò bá jáde kí wọ́n tó lọ sí yídì, ìyá rẹ̀ kò ní gbàgbé fún télọ̀ náà láéláé. Nígbà tí ìbò sì parí, tí UPN ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama, yúnífọ́ọ̀mù káàkí tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ṣọ́ọ̀bù Bàámi kò tóbi. Máṣíìnì Singer ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, àti ọ̀kan àfọwọ́yí tó jogún, tábìlì ìgéṣọ kan, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú. Lábẹ́ tábìlì ni àpótí pákó kan wà. Ibẹ̀ ni ègé aṣọ ń lọ. Bí a bá gé agbádá dàmáàskì fún ẹnìkan, tí igun kan ṣẹ́kù tí kò lè di nǹkan mọ́, Bàámi á gbé e sókè fún ẹni tó ni aṣọ, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú èyí fún bàbá o." Gbogbo àdúgbò ló mọ bàbá tó ń wí. N kò rántí ẹni tó kọ̀. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní kó gé e kó tóbi díẹ̀ sí i, kó lè hàn bí eégún bá jáde, kí wọ́n lè nàka sí i fún ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí abala kan ṣe rí. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ lè tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Aṣọ tó níyì jù ni a ń fi sí àárín: àrán, àlàárì, tàbí léèsì tí a tẹ́ aṣọ pupa sábẹ́ rẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè hàn. Aṣọ mìíràn á yí i ká, òmíràn á tún yí ìyẹn ká. Àwọ̀ kò gbọdọ̀ jọra. Bí àárín bá dúdú, èyí tó yí i ká á pọ́n. Bí ìyẹn bá pọ́n, èyí tó kàn á funfun tàbí kó ní àwọ̀ ewé. Etí ìta pátápátá ni iṣẹ́ wà. Ọ̀já aṣọ pupa ni a ó ṣẹ́ po, a ó fi àlùmọ́gàjí gé e ní igun mẹ́ta-mẹ́ta, ṣónṣó tẹ̀lé ṣónṣó, títí yóò fi yí abala náà ká. Eyín ni àwa ọmọ ń pe àwọn ṣónṣó yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a máa ń ṣẹ́ etí rẹ̀ wọnú kí òwú má baà tú. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi aṣọ líle, díríìlì tàbí kíjìpá, bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ ẹ̀yìn yìí ló ń mú kí abala wúwo, wíwúwo rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó fò dáadáa bí eégún bá ń pòòyì. Aṣọ fífúyẹ́ máa ń ká jọ ni, kì í fẹ̀.

Àrán ló ṣòro rán jù. Irun ara rẹ̀ máa ń mú kó yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì. O lè bẹ̀rẹ̀ láti òkè pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kí o dé ìsàlẹ̀ kí o rí i pé aṣọ tó wà lókè ti ṣí kúrò lórí ti abẹ́. Ohun tí Bàámi kọ́ wa ni pé kí a kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀ gbọọrọ-gbọọrọ, ìrán tí a ó tú bó bá yá, kó tó dé abẹ́ máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ náà tún yàtọ̀. Oní-14 ni a fi ń rán bùbá, ṣùgbọ́n abala ẹ̀kú ń fẹ́ oní-18; oní-14 á kàn ṣẹ́ sínú aṣọ ni. A ó fa òwú kọjá lára àbẹ́là kó lè máa yọ̀ wọlé. Níbi tí aṣọ bá ti pàdé ní ìpele-ìpele, ní igun abala, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ máṣíìnì mọ́. Ọwọ́ ni Bàámi fi ń yí àgbá rẹ̀ níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ á tẹ̀ sílẹ̀, a ó máa gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: tọ́, tọ́, tọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lákòókò yẹn.

Báwo wá ni a ṣe ráyè, pẹ̀lú fìlà òṣèlú tó ga dé òrùlé àti aṣọ Ìtúnu tó ń dé? Bàámi kò ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kú rí. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pé ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ojú rẹ̀ ni ọdún eégún á ṣe kọjá. Ó fọ́ iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wọ̀. Gígé ni ti àárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tí tábìlì ṣì ṣófo, tí ojú rẹ̀ sì ṣì dá. Ìrán ọwọ́ ni ti alẹ́, bí NEPA bá ti mú iná lọ. Máṣíìnì kò ṣeé fi àtùpà lò lórí aṣọ dúdú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ abẹ́rẹ́ lè rán an lábẹ́ àtùpà, kó sì tún máa gbọ́ ìròyìn ìbò láti inú rédíò.

Òjò ńlá ni ìgbà máṣíìnì. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú bo Mápó, àwọn tó ń tajà ní Ọjà'ba á bẹ̀rẹ̀ sí í fa tàpólì bo ọjà wọn, ọ̀nà á dá, kò ní sí ẹni tó máa yọjú pé òun wá wọn aṣọ. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á máa bá fìlà wọn lọ. Bàámi á ká aṣọ oníbàárà kúrò lórí máṣíìnì tirẹ̀, á fa abala jáde láti inú àpótí. Nígbà tí òjò bá fi dá, ẹ̀gbẹ́ kan ti parí. Ó tún ní ọgbọ́n kan tí mo ṣì ń lò títí di òní olónìí: bí òwú pupa bá ti wà lórí máṣíìnì nítorí aṣọ ẹnìkan, kò ní yọ ọ́ kúrò títí yóò fi rán gbogbo etí pupa tó wà nílẹ̀. Nígbà tí a bá sì ń dúró kí èédú áyọ́ọ̀nù ràn, a kì í ká ọwọ́ lẹ́rán. Ègé méjì á ti so pọ̀ kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná.

Eyín ni iṣẹ́ àwa ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé ó ṣeé gbé rìn. Mo gbé e lọ sóko nínú àpò. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, àgbàdo ń sun lórí iná, mo ń ṣẹ́ etí eyín wọnú, mo ń rán an. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe tirẹ̀ nídìí àkàrà Ìyáàmi, kí èrò tó dé. Bí a bá kó o padà dé, Bàámi á tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, á fi àtàǹpàkò tẹ ṣónṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dùgbẹ̀ lórí, tí kò mú ṣónṣó, á dá a padà fún ẹni tó ṣe é láìsọ̀rọ̀.

Ní ti aṣọ tó wà lára ẹ̀kú náà, mo lè fi odindi ọjọ́ kan sọ ọ́. Bí o bá ń gbé abala lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè lọ sísàlẹ̀, ìtàn owó Ìbàdàn lò ń kà. Léèsì ló wà lókè, léèsì Austria, tí wọ́n rà nígbà tí àfikún owó oṣù tí a ń pè ní owó Udoji dé lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, tí ìnáwó kò sì dáwọ́ dúró nígboro. Abẹ́ ìyẹn ni dàmáàskì. Abẹ́ rẹ̀ ni àrán, aláwọ̀ èlùbọ́ àti aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀, tí àwọn bàbá wa rà ní àwọn ọdún 1950 nígbà tí kòkó ń pa owó. Bó o bá tún lọ sísàlẹ̀, òfì ni, kíjìpá ni, àdìrẹ ni. Kò sẹ́ni tó ń yọ ti àtijọ́ kúrò. Èyí tó bá gbó, a ó rán tuntun lé e.

Abala kan wà níbẹ̀ tí n kì í lè wò kọjá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn ló wà láàárín rẹ̀, ti ìyá tó bí Bàámi. Ẹ rántí pé lára Ìbàdàndùn ni àwọn aládìrẹ máa ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, ilé ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929, tí wọ́n á sì ya ṣíbí sáàárín òpó sí òpó. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kó tó lọ sínú aró ẹlú. Nígbà tí mo mọ abala yìí, aró rẹ̀ ti ṣá, àfi níbi tí aṣọ ti ṣẹ́ po, tó ṣì dúdú minimini. Òpó mẹ́ta hàn gedegbe. Orí òkè tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà sí, ti Ìyá Mapó ni, òrìṣà tí àwọn aláró àti àwọn amọ̀kòkò ń bọ. Nítorí náà, bí eégún wa bá dé abẹ́ òkè yẹn, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, ojú òpó ìyá àgbà yìí ni mo máa ń wá.

Àárín abala 1979 ni léèsì àbúrò Bàámi obìnrin. Ìyá Ògùnpa ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé ẹ̀bá odò Ògùnpa ni ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí. Obìnrin kì í wọ ìgbàlẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin ló pọ̀ jù lára ẹ̀kú. Ọmọ ilé ló ń fi aṣọ ránṣẹ́, ìyàwó ilé náà ń fi ránṣẹ́, ìyáálé sì ni wọ́n ń kó o fún. Ìyá Ògùnpa fúnra rẹ̀ gbé tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, léèsì àwọ̀ àlùkò, ó sì dúró títí Bàámi fi gé e. Ohun tó yí i ká ni dàmáàskì aládùúgbò wa kan. Ohun tó tún yí ìyẹn ká ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí pé ègé tó pọ̀ jù nínú àpótí lọ́dún yẹn, ti fìlà òṣèlú ni. Bàámi fi ti UPN rán apá kan, ó fi ti NPN rán apá kejì. Àwọn kan nínú ilé bínú. Wọ́n ní aṣọ ẹgbẹ́ kò yẹ lára bàbá. Olórí agboolé ló parí ọ̀rọ̀ náà: ó ní ọmọ ilé wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, kí Bàámi rán wọn pọ̀. Mo ṣì gbà pé ìdájọ́ tó tọ́ ni. Kó tó di 1983 tí wọ́n tún dìbò, ilé tó tú ká nítorí òṣèlú kò kéré. Tiwa kò tú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Bàámi kì í pa ìrun jẹ. Ó ń gba ààwẹ̀ pé. Àwọn àáfà kan sì wà tí inú wọn kò dùn sí ohun tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún un. Kò bá wọn jà. Ohun tó sọ fún wọn níṣojú mi ni pé bàbá òun ló kọ́ òun ní ìrun, bàbá kan náà ló fi ẹ̀kú lé òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù Rámádàánì bá ti yọ, kò ní fọwọ́ kan abala mọ́ títí ààwẹ̀ fi máa parí. Èyí ló jẹ́ kí iṣẹ́ 1979 le tó bẹ́ẹ̀. Bí eégún kò bá tíì jáde kí oṣù tó yọ, tí abala kò sì tíì parí, kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Ó parí. Àárín ìbò àkọ́kọ́ àti èkejì ni eégún wa jáde. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni àwọn àgbà wá gba abala náà lọ́wọ́ Bàámi, n kò sì sí níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ ẹ̀kú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí i, nínú òjò wínníwínní, níwájú ilé. Nígbà tí ó ta òkìtì, tó pòòyì, tí léèsì àlùkò yẹn na jáde gbọọrọ pẹ̀lú eyín pupa tí a rán yí i ká, Ìyá Ògùnpa pariwo, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé. Bàámi kò sọ nǹkan kan. Ó ń wo àwọn igun abala, bóyá èyíkéyìí ká jọ. Kò sí èyí tó ká jọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló ti padà sídìí fìlà.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo gbọ́ nípa àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ òwú ni wọ́n àti ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó, ṣòkòtò oko tó já lórúnkún, ni wọ́n ń gé ní ègé-ègé, tí wọ́n ń tò pọ̀ di aṣọ ìbora, lẹ́yìn iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé. Ní 2002, ilé ọnà ńlá kan ní Houston pàtẹ àwọn aṣọ náà, wọ́n sì gbé wọn lọ sí New York. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọnà kan sáárá sí wọn gidigidi. Nígbà tí mo rí àwòrán wọn, bí wọ́n ṣe ń fi pupa kọ lu dúdú, bí wọn kò ṣe bẹ̀rù pé kí apá kan má bá èkejì dọ́gba, mo pe àwọn ọmọ mi kí wọ́n wá wò ó. Mo ní kí wọ́n wo ọwọ́ àwọn ìyá yìí, ọwọ́ tí kò fìgbà kankan dilẹ̀.

Kí n padà sí ọ̀rọ̀ léèsì àlùkò yẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún. Gbogbo Ìbàdàn ló mọ ọjọ́ yẹn. Omi gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò. Ọlọ́run yọ Ìyá Ògùnpa àti àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí aṣọ rẹ̀ lọ, gbogbo ohun tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ kó jọ: sányán ìgbéyàwó rẹ̀, gèlè, léèsì, gbogbo rẹ̀ pátá. Nígbà tí ọdún eégún tún kò, ó wá sílé, ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wá léèsì àlùkò náà. Lẹ́yìn tó rí i, ó ní ohun kan ṣoṣo tó kù nínú gbogbo aṣọ òun nìyẹn. Títí ó fi kú ló ń wá wò ó lọ́dọọdún.

Ní 2019, ilé ọnà Brooklyn ní New York fi odindi àfihàn kan sọrí ẹ̀kú kan ṣoṣo. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀kú náà ti wá. Wọ́n ní wọ́n ṣe é láàárín nǹkan bí 1920 sí 1948, aṣọ tó sì wà lára rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Inú mi dùn pé wọ́n tọ́jú rẹ̀, pé wọ́n sì wá orírun rẹ̀ kàn. Síbẹ̀ ẹ̀kú tó wà nínú gíláàsì kò ní gba abala tuntun mọ́ láéláé. Léèsì obìnrin kankan kò ní kún un mọ́. Èyí ló ń dùn mí, torí pé mo mọ iye ilé ní ìgboro Ìbàdàn tí ẹ̀kú wọn ti lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á fún òyìnbó, tí wọ́n sì wá fi aṣọ dídán olówó pọ́ọ́kú rán òmíràn dípò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Kò pé ọdún méjì tó fi ń já bọ́ lójú agbo.

Wọ́n á ní ọwọ́ àwọn dí. Ọwọ́ ta ni kò dí? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀kú nílé, ẹ má tà á. Ẹ lọ bá télọ̀ àdúgbò yín kó máa fi ègé àrán àti ti léèsì pamọ́ fún yín, dípò kó gbá a dànù sínú àpò ìdọ̀tí. Ẹ fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ bí wọ́n bá gba ọlidé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n máa ṣẹ́ eyín. Abala kan péré tó fún ọdún kan, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí oṣù kẹfà tó dé.